Ẹ Má Pe Orin Blues ní Orin Èṣù



Ní Mississippi, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tí iṣẹ́ oko òwú ń pa lẹ́hìn dá orin blues sílẹ̀. Ahéré kékeré tí wọ́n ń pè ní juke joint ni wọ́n ti ń ta gìtá, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń mu, tí wọ́n sì ń jó ní alẹ́ Sátidé. Ọ̀pọ̀ oníwàásù bú orin náà, wọ́n ní ti Sátánì ni. Bí àwa Yorùbá bá fẹ́ tún ẹ̀sùn yìí sọ, “orin Èṣù” ni a máa ń wí. Ìtumọ̀ Bíbélì ayé Àjàyí Crowther ni ó fi orúkọ Èṣù pe Sátánì. Àwa tí à ń kéde pé Èṣù kì í ṣe Sátánì, ẹnu wo ni a ó fi máa sọ ọ́? Èébú kan ṣoṣo ni, ó ba òrìṣà, ó sì ba ìbátan wa.

Wọ́n tún ní Robert Johnson, akọrin tí ó kú ní 1938, ta ọkàn rẹ̀ ní oríta kí ọwọ́ rẹ̀ lè dá lórí gìtá. Àwọn kan nínú wa yára wí pé Èṣù ni ó pàdé. N kò fara mọ́ èyí náà. Onírúurú ẹ̀yà ni a kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ náà, àwọn ará Kóńgò àti Bambara wà nínú wọn. Kì í ṣe ogún Yorùbá nìkan. Èṣù kò sì ra ọkàn rí. Ẹbọ ni ó ń gbà.

Ohun tí ó yẹ wá ni kí a lọ gbọ́ ọ fúnra wa, kí a sì mú ọmọ dání. Ẹnìkan lè ní ilé ọtí kò yẹ ọmọdé. Òótọ́ ni, bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ṣùgbọ́n ní Juke Joint Festival tí ìlú Clarksdale ń ṣe ní oṣù Kẹrin ọdọọdún, ojú títì ni wọ́n ti ń kọrin lọ́sàn-án gangan. Èmi, aya mi àti àwọn ọmọ wa ti lọ. Àbíkẹ́yìn wa bi mí bóyá àwọn olórin náà ní ìwé tí wọ́n ń wò. Mo ní etí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi kọ́ ọ, bí ọmọ awo ṣe ń kọ́ Ifá.

Ní Bentonia, tọkọtaya Holmes ṣí Blue Front Café ní 1948. Ọmọ wọn, Jimmy “Duck” Holmes, gbà á ní 1970. Otha Turner a máa pa ewúrẹ́ lọ́dọọdún, a sì fi fèrè àti ìlù dá ará àti ọ̀rẹ́ lára yá. Nígbà tí ó kú ní 2003, ọmọ-ọmọ rẹ̀, Sharde Thomas, tí ó ṣì kéré, ni ó gba fèrè náà. Bí ìdílé àyàn ti ń ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Willie Seaberry kú ní 2016, ilé ijó rẹ̀, Po’ Monkey’s, ti ilẹ̀kùn.

Mélòó ni ojúbọ tiwa tí ìlù rẹ̀ bá àgbà kan lọ sí ọ̀run? Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ gbọ́ blues. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ mú tiyín lọ sí agbo bàtá. Ohun tí etí ọmọ kò bá gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò lè jogún rẹ̀.

Àṣẹ.