Ẹ Má Gé Igi Nítorí Àdán

Ní ọdún 2007, àwọn awakùsà kan kó àrùn Marburg, ìbátan Ebola, nínú ihò Kitaka, ní agbègbè Ibanda ní Uganda. Àdán ló kún inú ihò náà, iye wọn lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dí ẹnu ihò, wọ́n ta àwọ̀n sí i, wọ́n sì pa àwọn àdán náà tán. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Nígbà tó di 2012, Marburg tún bẹ́ sílẹ̀ ní Ibanda, ó pa mẹ́rin nínú èèyàn 15 tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní in. Àwọn onímọ̀ padà sínú ihò, wọ́n bá àdán díẹ̀ tó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kó padà síbẹ̀. Kí wọ́n tó pa àwọn ti ìṣáájú, bíi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló ní fáírọ́ọ̀sì náà lára. Nínú àwọn tó dé lẹ́yìn, ó ti di 13.

Ohun tí à ń gbọ́ nílé ló mú wa lọ sí Uganda. Láti ìgbà tí Ebola ti wọ Èkó lóṣù keje 2014, tó mú èèyàn 20, tó pa mẹ́jọ, tí Dókítà Ameyo Stella Adadevoh sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dínà mọ́ ọn, ojú ọ̀daràn ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wo àdán. COVID-19 tún wá bu epo sí i. Ẹ dúró lábẹ́ igi nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn àdán ńlá dorí kodò sí, kò ní pẹ́ tí ẹ óò fi gbọ́ ẹni tó máa ní kí wọ́n gé igi náà lulẹ̀. Ìwé ìròyìn yìí kò fara mọ́ ọn, ìdí wa sì ju àánú ẹranko lọ.

Inú sẹ́ẹ̀lì ni ìdí náà wà. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wọ sẹ́ẹ̀lì èèyàn, sẹ́ẹ̀lì náà á tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní interferon jáde, láti fi ta àwọn tó wà nítòsí lólobó pé ọ̀tá ti wọlé. Bí kò bá tíì rí ọ̀tá, kì í ké. Ebola mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ó ní purotéènì kan, VP35, tó fi ń pa sẹ́ẹ̀lì lẹ́nu mọ́. Fáírọ́ọ̀sì á wá máa bí sí i láìsí ariwo. Nígbà tí ara bá fi máa jí, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí, ara á sì máa jà kọjá ààlà: iṣan ẹ̀jẹ̀ á máa jò, kíndìnrín á daṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí irú àrùn bẹ́ẹ̀ pa, ìjà tí ara wọn fúnra rẹ̀ jà wà lára ohun tó pa wọ́n.

Ti àdán yàtọ̀. Ní 2016, àwọn onímọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa Pteropus alecto, àdán dúdú ilẹ̀ Australia, kéde pé sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kì í dúró kí ọ̀tá dé. Interferon wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo, bí ọlọ́dẹ tí kì í sùn. Ọlọ́dẹ ọ̀hún kì í sì í yìnbọn lásán: ní 2018, wọ́n rí ìyípadà kékeré kan lójú kan ṣoṣo lára purotéènì STING ti àdán, tó jẹ́ kí ìpè ogun rẹ̀ rọlẹ̀. Lọ́dún kejì, wọ́n rí i pé NLRP3, tó máa ń dá ara wíwú àti ìgbóná sílẹ̀ lára tiwa, kì í fi bẹ́ẹ̀ ru sókè lára àdán. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé fífò ló fà á. Wàhálà fífò máa ń fọ́ DNA inú sẹ́ẹ̀lì. Bí ara àdán bá ń bínú sí gbogbo àfọ́kù DNA bí tiwa ti ń ṣe, alaalẹ́ ni ì bá máa bá ara rẹ̀ jà.

Cara Brook àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi sẹ́ẹ̀lì inú yàrá ìwádìí àti ìṣirò ṣe iṣẹ́ kan tí wọ́n gbé jáde ní 2020. Wọ́n ní fáírọ́ọ̀sì tó bá ń gbé láàárín irú sẹ́ẹ̀lì tó wà lójúfò bẹ́ẹ̀ ní láti mọ eré sá kó tó lè rọ́wọ́ mú. Àdán kì í kú sí i. Ṣùgbọ́n bí eré kan náà bá wọ ara èèyàn, ìparun ló dé.

Ẹ rántí dexamethasone. Lóṣù kẹfà 2020, ìwádìí RECOVERY ní Bìrìtìkó fi hàn pé oògùn olówó pọ́ọ́kú yìí dín ikú àwọn alárùn COVID-19 tí ẹ̀rọ ń bá mí kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Kò pa fáírọ́ọ̀sì kankan o. Ìbínú ara ló ń pẹ̀tù sí, bẹ́ẹ̀ ohun tí àdán ń ṣe láìlo oògùn nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àdán kì í kú. Digbólugi ń pa á, fọ́ńgọ́ọ̀sì kan sì ti pa àìmọye wọn ní Amẹ́ríkà láti 2006. Gbogbo wọn kò sì rí bákan náà. Rousettus aegyptiacus, irú àdán tó wà ní Kitaka tó sì wà nínú ihò òkè Ìdànrè, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti Australia: interferon rẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà wà lójúfò, àmọ́ ó ní ọ̀pọ̀ jínì tó ń kó àwọn sẹ́ẹ̀lì ajagun níjàánu. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ lára àdán ẹni ẹlẹ́ni kò tó wa.

Igi gígé ńkọ́? Ní Australia, ìwádìí ọlọ́dún pípẹ́ tó jáde ní 2022 fi hàn pé bí wọ́n ṣe ń pa igbó run, tí òdòdó kò sì yọ nígbà òtútù, ni ebi ń lé àdán wá sítòsí ẹṣin, tí fáírọ́ọ̀sì Hendra sì ń bọ́ sára ẹṣin. Irú àdán ńlá tó wà ní Ifẹ̀ ló sì ń fọ́n irúgbìn ìrókò káàkiri igbó. Ẹni tó bá lé e, ọjọ́ iwájú igbó ló ń lé.

Ní 1956, ara àdán Erékùṣù Èkó ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí Lagos bat virus, ìbátan digbólugi. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní Ìdànrè, níbi tí wọ́n ti ń wọ ihò lọ mú àdán nígbà ọdún wọn, rí àmì rẹ̀ lára àdán ibẹ̀ náà. A kò ní kí wọ́n pa ọdún wọn rẹ́. Ìjọba Oǹdó lè bá àwọn àgbà ìlú ṣe é kí ìbọ̀wọ́ tó nípọn wà fún gbogbo ẹni tó ń wọ ihò, kí abẹ́rẹ́ digbólugi sì wà nílé ìwòsàn ibẹ̀ kí ọdún tó dé. Ẹni tí àdán bá bù jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Àmọ́ abẹ́rẹ́ digbólugi tó wà lọ́jà kò ṣe é gbójú lé fún Lagos bat virus. Ní Ẹdẹ, ibùdó ACEGID ti Yunifásítì Redeemer's, èyí tó ka àbùdá fáírọ́ọ̀sì alárùn COVID-19 àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà lóṣù kẹta 2020, ti fi hàn pé a ní èèyàn tó lè ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ni owó tí wọn yóò fi tọ́jú sẹ́ẹ̀lì àdán Ìdànrè àti ti Ifẹ̀ nínú yàrá ìwádìí nílé, tí wọn yóò sì fi wá abẹ́rẹ́ tó ran fáírọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ orúkọ Èkó. Nínú ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀ ló yẹ kó ti hàn.