Ẹ́ńjìnnì Tó Dákẹ́ Lè Máa Jóná

Tí orí ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà bá ti ń ṣe ta-ta-ta, ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn ọlọ́kadà wa ní Erijiyan máa ń sọ fún mẹkáníìkì ni pé, "Ẹ bá mi pa ariwo yẹn." Mẹkáníìkì á mú sípánà, á dè tápẹ́ẹ̀tì le, ariwo á lọ, wọ́n á sanwó, ó parí. Lójú tèmi, kò tíì parí o. Fífi etí nìkan tún tápẹ́ẹ̀tì ṣe wà lára ohun tó ń pa ọ̀kadà wa, ó sì yẹ ká jáwọ́ nínú ẹ̀.

Ẹ̀yin tí bàbá yín jẹ́ mẹkáníìkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fa bébà mi ya. Ọ̀kadà ni bàbá tèmi ń gùn. Orí ẹ̀ ni owó ilé ìwé mi ti ń wá.

Fáàfù méjì ló wà lórí ẹ́ńjìnnì Boxer tàbí CG125. Ọ̀kan ń ṣílẹ̀kùn fún afẹ́fẹ́ àti epo láti wọlé, èkejì ń ṣílẹ̀kùn fún èéfín láti jáde sí sàlẹ́ńsà. Ẹ rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa ní Físíìsì: irin máa ń fẹ̀ tó bá gbóná. Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín fáàfù àti irin tó ń tì í. Ti Honda CG125 jẹ́ mílímítà 0.08, tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Ìyẹn ò ju sísanra bébà ìwé kan ṣoṣo lọ. Ta ló lè fi etí wọn ìyẹn?

Tí ààyè náà bá fẹ̀ jù, ẹ ó gbọ́ ta-ta-ta. Kò dáa, ṣùgbọ́n ó ṣáà ń sọ̀rọ̀. Tí kò bá sí ààyè rárá ńkọ́? Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, fáàfù ò ní lè pa dé tán, iná á máa gba àlàfo yẹn jáde, á sì máa jẹ ẹnu fáàfù díẹ̀díẹ̀. Kò ní pariwo. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan tiẹ̀ wà tí ibi tí fáàfù ń jókòó sí máa ń jẹ sínú bó ṣe ń pẹ́, tí ààyè ọ̀hún á máa dínkù fúnra ẹ̀. Ẹni tó ni ín á ní, "Ọ̀kadà mi ò lẹ́nu, ó dákẹ́ rọ́rọ́."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní sáà tó kọjá nìyẹn. Wọ́n pa ariwo ọ̀kadà bàbá mi lọ́sàn-án gangan, ẹ́ńjìnnì ṣì ń jóni lọ́wọ́. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí kò fi lè gun òkè mọ́ lọ́nà Ìkògòsì. Èrò sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ rìn. Kíìkì ẹ̀ wá rọ̀ bí ìgbà téèyàn ń tẹ tìmùtìmù. Mẹkáníìkì ní rínnì ti jẹ, bàbá mi ra rínnì àti písítìn tuntun, kò yí padà. Ìgbà tí ẹlòmíì tú orí ẹ̀ ló tó rí i pé ẹnu fáàfù èéfín ti jó. Owó ìdánwò mi wà nínú owó písítìn yẹn.

Ó dùn mí nígbà tí mo wá mọ̀ pé ìdánwò kékeré kan wà tí ì bá ti fi hàn. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì, ẹ da ṣíbí ọ́ìlì kékeré kan síbẹ̀, ẹ dá púlọ́ọ̀gì padà, kí ẹ ta kíìkì. Tí kíìkì bá wá le sí i, rínnì tàbí sílíńdà ló jẹ. Tí kò bá yí padà, ẹ lọ wo fáàfù. Ṣíbí ọ́ìlì kan ṣoṣo!

Ọ̀rọ̀ èéfín náà ń kọ́? Àwọn àgbà kan máa ń sọ pé kò sí alùpùpù tí kì í rú èéfín. Mo mọ ibi tí wọ́n ti rí i: Vespa ayé ọjọ́un ni wọ́n gùn. Vespa ìgbà náà ò ní fáàfù bíi ti Boxer, wọ́n sì ń po ọ́ìlì mọ́ epo ẹ̀ ni, torí náà ó gbọ́dọ̀ rú èéfín. (Bajaj tó ń ṣe Boxer gan-an ti bá Piaggio ti Ítálì ṣe Vespa ní Íńdíà rí.) Ṣùgbọ́n tí Boxer bá ń rú èéfín aláwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń jó yẹn. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tó bá ń gun òkè ló ń rú u, ẹ fura sí rínnì. Tó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta á láàárọ̀ nìkan ni, ó lè jẹ́ rọ́bà ìdí fáàfù.

Ẹnì kan sọ fún mi pé ọ̀gá tó ti ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún ò nílò irin ìwọ̀n kankan. Mo bọ̀wọ̀ fún etí ọ̀gá. Etí lè gbọ́ ààyè tó fẹ̀ jù, ṣùgbọ́n báwo ló ṣe máa gbọ́ ààyè tí kò sí? Àwọn míì ní ọlọ́kadà ò ráyè dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù, torí owó ọjọ́ ni. Òótọ́ ni. Kí wọ́n gbé e síbẹ̀ sùn nígbà náà, kí mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ kùtù kí ẹnikẹ́ni tó ta á. Kí písítìn wà lókè pátápátá, kí àmì T bára mu, kí fáàfù méjèèjì sì pa. Tí àmì bá bára mu ṣùgbọ́n tí fáàfù kan ṣì wà ní ṣíṣí, kí wọ́n yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n ki irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára bọ ààyè náà. Feeler gauge ni wọ́n ń pè é.

Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ kí ilé ìwé ra feeler gauge kan, kí a máa fi ṣe práktíkà Físíìsì. Ọ̀kadà bàbá mi la lè kọ́kọ́ fi dánwò. Mo ti sọ fún wọn. Wọ́n kọ́kọ́ ní, "Ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi níṣẹ́ báyìí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àárọ̀ Sátidé ni, ká má sì jẹ́ kó kọjá aago mẹ́jọ, torí èrò ọjà Àrámọkọ.