Nígbà Tí Pikọ́ọ̀pù Kò Bá Ṣíná Mọ́ Lẹ́yìn Tí A Ra Epo

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kan gbogbo ẹni tí ó ń fi pikọ́ọ̀pù wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.

Ọkọ̀ a máa sáré dáadáa wọ ilé epo. A ó pa á, a ó ra epo, a ó sanwó. Nígbà tí a bá tún yí kọ́kọ́rọ́, kò ní dáhùn mọ́. Tòmátì wà lẹ́yìn ọkọ̀, oòrùn ń mú, àwọn tí ó tò sẹ́yìn ń fọn fèrè. Níbẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ yóò di ọmọ tí ń ta epo ní aṣọ mú, yóò ní omi ni ó tà fún òun. Mẹkáníìkì yóò dé, yóò ní pọ́ǹpù epo ti kú. A ó ra pọ́ǹpù, owó ńlá yóò lọ, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a bá tún ra epo, ọkọ̀ yóò tún ṣe bí ó ti ṣe. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Ọkọ̀ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ṣáájú ohun gbogbo, ẹ ti ọkọ̀ jìnnà sí ẹ̀rọ tí ń ta epo kí ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bẹntiróòlù a máa di atẹ́gùn tí ojú kò rí. Atẹ́gùn yìí ni ó ń rùn sí wa nímú, òun náà ni ó sì ń gba iná. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu sìgá nítòsí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu fa epo.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi etí sílẹ̀. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ tí ọkọ̀ dákẹ́, tàbí tí ó kàn ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, epo kọ́ ni ó ṣẹ̀. Ẹ wo orí bátìrì bóyá wáyà ti tú tàbí ó ti dípẹtà. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tí ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀, ẹ wò ó bóyá jíà wà ní P tàbí N, nítorí kò ní ṣíná níbòmíràn.

Bí sítátà bá ń yí ẹ́ńjìnì dáadáa ṣùgbọ́n tí iná kò mú, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ìdajì, kí ẹ sì gbọ́ ìhà ibi tí tánkì wà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, pọ́ǹpù yóò kùn bí oyin fún ìṣẹ́jú-àáyá bíi méjì. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, kò tíì tó àsìkò láti dá pọ́ǹpù lẹ́bi.

Nísinsìnyí, ẹ bi ara yín léèrè: ǹjẹ́ ọjọ́ tí a bá ra epo nìkan ni ó máa ń ṣe báyìí? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yà kékeré kan wà tí ó yẹ kí á fura sí. Láti ọdún 1971 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ọkọ̀ tuntun má ṣe máa tú atẹ́gùn epo sójú ọ̀run. Nítorí náà, àwọn pikọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí ó ti ibẹ̀ wá ní agolo kan tí èédú kún inú rẹ̀, tí ń gba atẹ́gùn epo láti inú tánkì. Ohun kan bí ilẹ̀kùn wà láàárín agolo yìí àti ẹ́ńjìnì, tí à ń pè ní purge valve. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ ni ó ń ṣí, kí ẹ́ńjìnì lè jó atẹ́gùn náà. Bí ó bá há ní ṣíṣí, epo tí a ń rọ sí tánkì yóò ti atẹ́gùn epo gba ibẹ̀ kọjá, yóò sì fún ẹ́ńjìnì lọ́rùn.

Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ iná mọ́tò kanlẹ̀, kí ẹ má ṣe gbé e, kí ẹ sì yí sítátà, kí ó má ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lọ. Bí ó bá ti mú, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò kíá. Yóò gbọ̀n díẹ̀, yóò rùn epo, lẹ́yìn náà yóò balẹ̀. Ẹ wá ní kí mẹkáníìkì yẹ ẹ̀yà náà wò: bí ẹ́ńjìnì bá wà ní pípa, kò yẹ kí afẹ́fẹ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ó bá ń kọjá, ó ti bàjẹ́. Òun ni kí ẹ rà, ẹ fi pọ́ǹpù sílẹ̀.

Ẹ kíyè sí èyí pẹ̀lú: bí ẹnu rọ́bà epo bá ti já fúnra rẹ̀, ó tó. Àwọn kan a máa mi ọkọ̀ jìgìjìgì kí epo lè wọlé sí i. Àpọ̀jù epo yìí a máa ṣàn wọ inú agolo èédú, a sì bà á jẹ́.

Bí ọkọ̀ bá ṣíná, tí ó rìn díẹ̀, tí ó wá ń wúkọ́ kí ó tó kú, nígbà náà ni kí ẹ fura sí epo. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ, ìsàlẹ̀ tánkì ni ó ń sùn sí, ibẹ̀ gan-an ni pọ́ǹpù sì ti ń fa epo. Kí mẹkáníìkì fa díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ sínú ìgò funfun, kí ó gbé e kalẹ̀ jìnnà sí iná. Bí omi bá wà, yóò yà sí ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgò kì í sọ gbogbo rẹ̀: epo tí wọ́n kó wọ Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, tí methanol inú rẹ̀ pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ojú lásán kò lè dá a mọ̀. Nítorí náà, ẹ máa gba rìsíìtì, ẹ sì máa tọ́jú rẹ̀. Òun ni ẹlẹ́rìí yín, ó sàn ju aṣọ fífà lọ.

Èyí tí ó burú jù ni kí wọ́n ṣi epo rọ, kí wọ́n rọ bẹntiróòlù sínú ọkọ̀ dísù. Bí ẹ bá ti mọ̀, ẹ má ṣe yí kọ́kọ́rọ́ rárá. Dísù ni ó ń mú pọ́ǹpù ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dán. Bẹntiróòlù yóò mú kí irin máa ha irin. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á kúrò, kí wọ́n sì gbọn tánkì gbẹ.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ gbọ́ ti ọkọ̀ kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, kí ẹ sì tó tú owó sílẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.