Owó Ilé Kì Í Ṣe Owó Tí Ó Sọnù

Ẹ fojú inú wo aránṣọ kan tí ó yálé gbé ní Ugbor, ní ìlú Ìbíní. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni ó ti ń san owó ilé, kò jẹ onílé ní kọ́bọ̀ rí. Ó tọ báǹkì lọ pé kí wọ́n yá òun lówó láti fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ méjì. Wọ́n bi í pé gbèsè wo ni ó ti jẹ rí tí ó sì san. Kò jẹ gbèsè rí. Nítorí náà ni báǹkì kò ṣe mọ̀ ọ́n!

Kì í ṣe pé òfin kò sí. Ní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin lórí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń kó àkọsílẹ̀ gbèsè ará ìlú jọ, àwọn ni báǹkì sì ń bi léèrè kí ó tó yáni lówó. Ṣùgbọ́n owó ilé, ẹrù tí ó wúwo jù lọ lọ́rùn ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù, kì í sábà dé inú ìwé wọn.

Ohun ìtìjú ibẹ̀ ni pé orúkọ Yorùbá ni a fi ń ṣe é lókè òkun. Ní 2018, Abbey Wemimo tí ó dàgbà ní Èkó àti Samir Goel dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sọ ọ́ ní Esusu. Ẹ̀sùsù tí àwọn ìyá ń dá lọ́jà náà ni o! Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi ìròyìn owó ilé tí ayálégbé san ránṣẹ́ sí Equifax, Experian àti TransUnion, kí ó lè di ẹ̀rí fún un níwájú ẹni tí yóò yá a lówó.

Àwọn kan yóò ní oṣooṣù ni wọ́n ń sanwó lọ́hùn-ún, pé owó ọdún kan tàbí méjì tí a san sílẹ̀ níhìn-ín kì í ṣe gbèsè. Àwáwí lásán! Ẹni tí ó ṣa náírà jọ fún oṣù méjìlá, tí kò fi jẹun, tí kò fi ṣe ìnáwó òkú, tí ó kó gbogbo rẹ̀ lé onílé lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, ẹ̀rí wo ni a tún ń wá lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìbẹ̀rù kan wà tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: kí àìsàn má lọ sọ ìdádúró oṣù kan di àbàwọ́n ayérayé. Nítorí náà, owó tí a san nìkan ni kí a máa ròyìn, kí ayálégbé sì fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni òfin California, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ṣe là á sílẹ̀.

Rìsíìtì ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Òfin ilé yíyá Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 fi dandan lé e pé kí onílé máa kọ ọ́. Alájọ tí kò kàwé ń fàlà sí káàdì oníbàárà rẹ̀ lójoojúmọ́. Onílé tí ó gboyè ní yunifásítì kò wá lè kọ ìlà mẹ́ta! Kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ẹdó mú wọn kọ ọ́, kí báǹkì sì gbà á ní ẹ̀rí. Aránṣọ Ugbor kò tọrọ báárà. Ẹ̀rọ méjì ni ó fẹ́ rà, òun náà ni yóò sì san owó rẹ̀.