Ajá inú tẹlifíṣọ̀n kò jẹ yín ní gbèsè

Ọ̀rọ̀ ajá inú tẹlifíṣọ̀n yìí ti sú mi, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa láìpẹ́ yìí kò jẹ́ kí n lè panu mọ́. Ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ní Ìfàkò ni ọ̀gá rẹ̀ kó owó fún pé kó lọ ra irin. Ọmọ ò dé ìsọ̀ onírin. Ilé tẹ́tẹ́ ló yà sí, kó sì tó di ọ̀sán gangan, owó irin ti wọmi. Nígbà tí wọ́n fà á wá síwájú àwọn àgbà pé kí ló kó sí i lórí, ó ní ajá nọ́ńbà kẹrin kò tíì borí láti àárọ̀, pé ó ti kàn án. N ò bínú sí ọmọ yẹn tó bí mo ṣe bínú sí àgbàlagbà kan tó jókòó síbẹ̀, bàbá ọlọ́mọ, tó mirí pé, "Ìwọ náà ò ní sùúrù ni. Ò bá dúró de eré méjì sí i."

Eré wo? Ajá wo?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba College Road lọ sí Ògbà, tàbí tẹ́ ẹ ń ti Fágbà bọ̀ wá sí Ìjú-Iṣágà, ẹ mọ àwọn ṣọ́ọ̀bù tí mò ń wí. Àga onírọ́bà, tẹlifíṣọ̀n lára ògiri, jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo lẹ́yìnkùlé, àjákù tíkẹ́ẹ̀tì káàkiri ilẹ̀. Lójú tẹlifíṣọ̀n, ajá mẹ́fà wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kálukú pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Aago á máa ka ara rẹ̀ padà sẹ́yìn, àwọn ènìyàn á sáré fowó lé e lọ́dọ̀ kaṣíà, géètì á ṣí, ajá á tú jáde, ó parí nìyẹn. Ìṣẹ́jú mélòó kan sí i, òmíràn tún ti dé. Kò mọ ọjọ́ Ìsinmi, kò mọ ọdún iléyá, òjò kì í dá a dúró. Àwọn ọmọ wa á jókòó ti ìwé ẹ̀kọ́, wọ́n á máa kọ èyí tó borí sílẹ̀: 2, 5, 1, 1, 6, 3. Wọ́n á fi bírò pupa fa ìlà sí èyí tí kò tíì jáde. Ọmọ tí kò ṣí ìwé ìṣirò nígbà tó wà nílé ìwé ló ń ṣe báyẹn o.

Gbogbo iṣẹ́ ìwé yẹn, orí irọ́ kan ṣoṣo ló dúró lé: pé ajá tó bá ti ń pàdánù bọ̀ jẹ wọ́n ní gbèsè, pé dandan ni kó san án. "Ó ti kàn án." Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀, lẹ́nu télọ̀, lẹ́nu ọmọ yunifásítì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ yékéyéké: ajá yẹn kò sí. Wọn ò bí i, kò sẹ́ni tó ń bọ́ ọ, kò lẹ́sẹ̀ tó lè rọ̀. Ẹ̀rọ kan ló ń ṣẹ́ nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, èyí tó bá sì ṣẹ́ ni wọ́n ń fi àwòrán ajá gbé jáde. Nígbà tẹ́ ẹ ń fò dìde lórí àga tẹ́ ẹ ń kígbe "Sáré! Sáré!", ariwo lásán ni, àwòrán kò létí. Ẹ̀rọ náà kò sì rántí ohun tó ṣẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn.

Ẹ mú dáìsì lúdò. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà ló ní. Bẹ́ ẹ bá jù ú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tí mẹ́fà kò jáde, ṣé mẹ́fà ń kóra jọ sínú ẹ̀ ni? Tẹ́ ẹ bá jù ú lẹ́ẹ̀kọkànlá, ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà náà ló ṣì ní. Ká ní àǹfààní àwọn ajá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dọ́gba, ká sì ní èèyàn wo eré mẹ́wàá léra: tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 100, nǹkan bí ìgbà 16 ni nọ́ńbà kẹrin kò ní borí rárá nínú eré mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Kò sí àràmàǹdà níbẹ̀. Ojúmọ́ kan kò ní mọ́ kí irú ẹ̀ má ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Agége. Ìgbà tó bá sì ṣẹlẹ̀ ni ẹ̀yin ń lọ yá owó.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé ẹni tó mọ eré ajá gidi kò jẹ́ ronú báyìí. Belle Vue ní Manchester ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé eré náà kalẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù keje ọdún 1926: ajá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní greyhound, ehoro ẹ̀rọ níwájú, ajá ń lé e. Tí ajá gidi bá pàdánù lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ńṣe ni àwọn atẹ́tẹ́ ibẹ̀ ń sá fún un. Wọ́n á ní ó ti ń darúgbó, tàbí ẹsẹ̀ ń dùn ún, tàbí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ kò mọ iṣẹ́. Èyí tó ń borí ni wọ́n ń fowó lé. Mick the Miller, ajá kan tí àlùfáà Kátólíìkì kó wá láti Ireland, gba eré ajá ńlá tí wọ́n ń pè ní Derby ní 1929, ó tún gbà á ní 1930. Ẹni tó fowó lé e lọ́dún kejì ní ìdí: ẹsẹ̀ tó fi borí lọ́dún kìíní ló tún gbé wá. Ẹ wá wò ó. Ọ̀rọ̀ "ó ti kàn án" yìí, ó jẹ́ irọ́ níbi tí ajá wà, ó tún jẹ́ irọ́ níbi tí ajá kò sí. Ibo ló wá ti jẹ́ òótọ́?

Ẹ lọ wo ti ẹṣin. Ní 1973, Secretariat ti gba eré ńlá méjì ní Amẹ́ríkà kó tó dé Belmont ní New York. Ẹṣin mẹ́rin péré ló bá a díje lọ́jọ́ náà, ó sì fi ìwọ̀n ara ẹṣin 31 sílẹ̀ láàárín ara ẹ̀ àti ìkejì. Ẹni tó fi dọ́là méjì lé e, dọ́là méjì àti sẹ́ńtì 20 ló gbà padà, nítorí gbogbo ayé ti mọ ohun tí ẹṣin yẹn lè ṣe. Kódà níbi tí oríire ti ṣẹ́gun agbára, ojú rí ohun tó fà á. Ní eré ẹṣin Grand National ọdún 1967, ní Aintree nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ẹṣin kọlu ara wọn níbi ìdènà kan tí wọ́n ń fò kọjá, àwọn tó ń gùn wọ́n ṣubú lulẹ̀. Foinavon, tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, wà lẹ́yìn pátápátá, ó rí àyè gbà kọjá, ó borí. Ti ọkọ̀ ńkọ́? Ní Silverstone, ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, táyà Lewis Hamilton fọ́ ní ìyípo ìkẹyìn, ó sì fi mẹ́ta tó kù wọ́ ọkọ̀ débi ìlà, ó gba ipò kìíní, nítorí ó ti jìnnà sí ẹni tó tẹ̀ lé e kí táyà tó fọ́. Táyà, ilẹ̀, ojú ọjọ́, ọpọlọ awakọ̀: ohun tí èèyàn lè wò, tó sì lè fi ṣe ìdájọ́, wà níbẹ̀. Àwọn ará Bamako àti Ouagadougou tí wọ́n máa ń ta tẹ́tẹ́ lórí ẹṣin ilẹ̀ Faransé, ìwé ìròyìn ni wọ́n ń rà kà: ta ló ń gùn ún, kí ló ṣe níjọ́ sí. N ò sọ pé ohun tí wọ́n ń ṣe dáa. Mo ní ẹṣin wọn ń mí.

Àwa náà ní ibi tí ẹṣin ti ń mí l'Ékòó tẹ́lẹ̀. Race Course ní Erékùṣù Èkó, níbi tí wọ́n ti sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ lọ́dún 1960, pápá eré ẹṣin ni. Ìjọba Gowon ló kọ́ Tafawa Balewa Square sórí ilẹ̀ ibẹ̀ ní 1972; ère ẹṣin funfun mẹ́rin ló ṣẹ́kù lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí eré ìje bá wù lóòótọ́ lè lọ wo ẹṣin l'Ójúde Ọba n'Ìjẹ̀bú Òde, bí kò tilẹ̀ jẹ́ eré ìje, ó kéré tán á rí ẹṣin.

Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ti fi kọ̀ǹpútà sá Grand National rí? Ní oṣù kẹrin ọdún 2020 ni, nígbà tí kòrónà dá eré gidi dúró. Wọ́n fi àwòrán hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, Potters Corner ló "borí". Àwọn onílé tẹ́tẹ́ kó èrè ọjọ́ náà fún ètò àánú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni o, wọ́n sì fi èrè ẹ̀ tọrẹ. Tiwa ń lọ láti àárọ̀ dalẹ́, mi ò sì tíì gbọ́ pé ọsibítù kankan n'Ífàkò-Ìjàyè rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ibi tí ayé wá dé báyìí ni pé ajá gidi ń padà sílé: ìpínlẹ̀ Florida dìbò fòpin sí eré wọn ní 2018, New Zealand kéde ní ìparí 2024 pé àwọn náà fẹ́ fòpin sí i. Ajá tí kò sí ló wá ń gbilẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó, torí ìyẹn lẹ ní ẹ ń lé. Ká ní odds ajá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jẹ́ 5, ìyẹn ni pé ìlọ́po márùn-ún owó tẹ́ ẹ fi lé ajá ni wọ́n ń san bó bá borí. Ẹ fi ₦100 lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ₦600 ti jáde. Dandan ni kí ọ̀kan borí, àbí? Ó borí, wọ́n san ₦500 fún yín. Ẹ kò pàdánù eré kankan, síbẹ̀ ₦100 ti lọ. Odds wọn kì í dọ́gba báyẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà àtimọ̀ ọ́n rọrùn. Ẹ fi odds ajá kọ̀ọ̀kan pín 100, kẹ́ ẹ ro mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀. Ohun tó bá fi lé ní 100 ni owó ìsọ̀ tẹ́ ẹ ń san kí ajá tó gbéra. Fóònù ọwọ́ yín á ṣe é láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìwé nọ́ńbà tẹ́ ẹ ń kọ láti oṣù mẹ́ta, ẹ ò rí èyí kọ sínú ẹ̀.

Àwọn kan á ní àwọn gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, dọ́bù làwọn ń ṣe: tí ₦200 bá lọ, ₦400, tí ìyẹn bá lọ, ₦800, títí ajá á fi borí. Ẹ bá mi kà á. Tẹ́ ẹ bá pàdánù lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án léra, owó tó ti jáde lápò yín jẹ́ ₦102,200. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ ní 2024 jẹ́ ₦70,000. Bí àǹfààní àwọn ajá bá sì dọ́gba, nínú 100 ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ irú dọ́bù yìí lórí ajá kan, nǹkan bí 19 ni yóò rí ìpàdánù mẹ́sàn-án léraléra yẹn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún. Ẹ jókòó márùn-ún sórí bẹ́ǹṣì kan, kẹ́ ẹ wo ara yín lójú.

Ti àwọn tó ń ta "kóòdù" lórí WhatsApp, mi ò fẹ́ fi àkókò ṣòfò lé e. Ẹni tó bá mọ ajá tí yóò borí, kí ló ń wá lọ sídìí ₦2,000 yín?

Òfin kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ta tẹ́tẹ́. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2024 tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti fagi lé òfin lọ́tìrì ìjọba àpapọ̀, ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni àkóso tẹ́tẹ́ wà, nítorí náà Lagos State Lotteries and Gaming Authority lẹ ó gbé ẹjọ́ lọ bá tẹ́ ẹ bá rí ọmọ tó wọ yúnífọ́ọ̀mù níwájú kaṣíà. Ẹ má jókòó máa retí Àbújá.

Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ kàn jù. Ọmọ tẹ́ ẹ fi owó ọjà rán, ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ òbí ẹ̀, ẹ sì ṣèlérí pé ẹ ó sọ ọ́ di ènìyàn. Ẹ yẹ àpò ẹ̀ wò. Tẹ́ ẹ bá bá ìwé tó kún fún nọ́ńbà 1 sí 6, ẹ má kàn nà án kẹ́ ẹ sì dá ìwé padà fún un. Ìyà kì í kọ́ni ní ìṣirò. Ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ jẹ́ kó fi odds pín 100 lójú yín, ajá kan lẹ́yìn òmíràn, títí yóò fi pé mẹ́fà. Ẹ̀yin bàbá tẹ́ ẹ sì ń bá wọn jókòó níbẹ̀, tẹ́ ẹ ń gbà wọ́n nímọ̀ràn ìgbà tó yẹ kí wọ́n dúró dè, Ọlọ́run ń wò yín. Ẹ dìde kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ máa lọ sílé, kẹ́ ẹ mú àwọn ọmọ náà dání.