Ṣé Kí A Lé Akọ́nimọ̀ọ́gbá?

Láti Ṣakí títí dé Ìsẹ́yìn, ẹ óò bá wa gbà pé iṣẹ́ ẹni tí ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní bọ́ọ̀lù gbígbá kì í ṣe iṣẹ́ ọpẹ́. Bí wọ́n bá borí, àwọn ọmọ ni ó mọ̀ ọ́n gbá, bí wọ́n bá pàdánù lẹ́ẹ̀mẹta, igbe a ta: "Ẹ lé e lọ!" Kí ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tó jẹ́ igbe náà, a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wo ohun tí irú ìkánjú bẹ́ẹ̀ ti fi ojú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà rí.

Ní ọdún 1990, ní ìlú Algiers, àwọn ará Algeria fi góòlù 5 sí 1 borí wa ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ìdíje ife Áfíríkà. Clemens Westerhof, ará Holland, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá. Bí a bá lé e ní ọjọ́ kejì, ta ni ìbá bá wa wí? Ṣùgbọ́n a kò lé e. Àwọn ọmọ kan náà dé àṣekágbá ìdíje náà. Ní 1992 wọ́n ṣe ipò kẹta ní Senegal. Ní 1994 wọ́n gba ife ní Tunis, wọ́n sì lọ sí ife àgbáyé, ibi tí Nàìjíríà kò tíì dé rí.

Ti olóògbé Shaibu Amodu ni ó dùn wá jù. Ó mú wa dé ẹnu ọ̀nà ife àgbáyé 2002. Ó ṣe ipò kẹta ní Mali, a ní kò tó, a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ Mọdákẹ́kẹ́, tí ó mú Shooting Stars ti Ìbàdàn dé àṣekágbá ife àwọn ẹgbẹ́ Áfíríkà ní 1984, ni a gbé e fún. A pàdánù ẹ̀ẹ̀mejì, a ta ọ̀mì kan, a padà sílé. A kò dá bàbá náà lẹ́bi: oṣù mélòó ni ó rí? Fún ife àgbáyé 2010, Amodu kan náà tún mú wa yege, ó tún ṣe ipò kẹta ní Angola, a tún lé e. Lars Lagerbäck wá láti Sweden. A pàdánù ẹ̀ẹ̀mejì, a ta ọ̀mì kan! Síbẹ̀, ní oṣù Kejìlá 2021, nígbà tí ife Áfíríkà ku oṣù kan, a lé Gernot Rohr. Ní oṣù Kẹta 2022, Ghana dí wa lọ́nà ife àgbáyé.

Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn tí ẹ mọ òfì í hun, ta ni nínú yín tí í gba aṣọ lọ́wọ́ ahunṣọ nígbà tí ó hun ún dé ìdajì?

A kò wí pé kí a fi akọ́nimọ̀ọ́gbá jọba. Èyí tí ń gba owó lọ́wọ́ òbí kí ó tó mú ọmọ wọn, tàbí tí kì í wá sí pápá, kí ó lọ lónìí. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kàn ń pàdánù, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè: òun ha ni ó yan àwọn ọmọ náà bí? Wọ́n ha ní bàtà? Ẹ ha san owó oṣù rẹ̀ pé? Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ jẹ́ kí ìdíje ọdún náà parí, kí ẹ kọ ìdí tí ẹ fi dá a dúró sínú ìwé, kí ẹ sì kà á sétí àwọn òbí.