Ọ̀rọ̀ Tó Gùn Kọ́ Ló Gbọ́n

Sí gbogbo òbí, olùkọ́ àti onílé-ìwé, láti Tólgéètì títí dé àárín ìlú Ọ̀tà

Lọ́dún tó kọjá, níbi ayẹyẹ ìparí ọdún nílé-ìwé aládàáni kan lẹ́bàá Sàngó, wọ́n gbé ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún 9 lọ sórí pèpéle. Wọ́n ní kó pe ọ̀rọ̀ kan fún wa ní lẹ́tà-lẹ́tà. Ó pè é: antidisestablishmentarianism. Lẹ́tà 28, kò ṣi ẹyọ kan. Ariwo sọ. Àwọn ìyá dìde, owó ń lẹ̀ mọ́ ọmọ níwájú orí. Bàbá tó jókòó tì mí ní, "Èyí ti gbé Gẹ̀ẹ́sì mì!" Nígbà tí wọ́n ń pín ìrẹsì, mo pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo rọra bi í pé kí ni ìtumọ̀ ohun tó pè yẹn. Ó wo bàtà ẹ̀. "Ẹ má bínú sà, wọn ò kọ́ wa níyẹn."

Mi ò bá ọmọ wí. Àwa àgbà la gbà pé ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gùn ló mọ Gẹ̀ẹ́sì, àti pé ẹni tó bá mọ Gẹ̀ẹ́sì ló gbọ́n. Irọ́ ni méjèèjì. Èyí àkọ́kọ́ ni mo dojú kọ, torí òun ló bí èkejì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ gígùn ti jẹ ọba, ìyẹn nídìí Scrabble, eré tí wọ́n ti ń fi lẹ́tà to ọ̀rọ̀ sórí pátákó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta á nírọ̀lẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ládùúgbò wa, àwọn tó ń kọjá kì í sì yé sọ pé, "Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ńlá kan ká rí i!" Pátákó Scrabble ní ilé 15 ní ìbú, 15 ní òòró. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn tó gba lẹ́tà 28 ò lè wọ̀ ọ́. Lẹ́tà 7 péré ló wà lọ́wọ́ ẹni lẹ́ẹ̀kan náà. Òótọ́ ni pé ẹni tó bá lo méjèèje pọ̀ máa gba ẹ̀bùn àmì 50, ṣùgbọ́n ẹ wá wo ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ QI, orúkọ tí àwọn ará Ṣáínà ń pe agbára ẹ̀mí inú ara. Lẹ́tà 2 ni. Q níye lórí tó 10, I jẹ́ 1. Ẹni tó bá gbé Q sórí ilé tó ń sọ lẹ́tà di ìlọ́po mẹ́ta, tí QI sì jáde ní ìbú àti ní òòró lẹ́ẹ̀kan náà, àmì 62 ló kó yẹn. Mo ti rí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ lẹ́tà 6 gba àmì 10, tó tún wá ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó ń bá a ta. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe gùn tó lórí pátákó ni àyè tí alátakò máa rí fi tirẹ̀ kọ́ ṣe ń pọ̀ sí i.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà ló fi èyí han ayé. Ní oṣù Kọkànlá 2015, ní ìlú Perth ní Ọsirélíà, Wellington Jighere na Lewis Mackay ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 4 sí òdo, ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé Scrabble. Ọ̀rọ̀ tó kọ lọ́jọ́ náà tí àwọn ìwé ìròyìn gbé jáde ni FELTY, lẹ́tà 5, àmì 36. Ohun tí wọ́n sì ń sọ nípa àwọn ọmọ Nàìjíríà lẹ́yìn náà ni pé wọn kì í sáré kọ ọ̀rọ̀ gígùn. Kódà bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á kọ kúkúrú, wọ́n á tọ́jú lẹ́tà tó dáa, wọ́n á sì dí ọ̀nà mọ́ alátakò.

Mímọ ọ̀rọ̀ sì kọ́ ni mímọ èdè. Lọ́dún 2015 yẹn kan náà, Nigel Richards, ọmọ New Zealand, gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé Scrabble ti èdè Faransé. Kò gbọ́ Faransé. Ńṣe ló há àwọn ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀ sórí. Ọpọlọ ẹ̀ yà mí lẹ́nu, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ fún un lédè Faransé pé ilé ẹ̀ ń jó, ṣé á sá?

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe àwàdà fún mi. Mo ti ṣe olùtọ́jú ilé-ẹrù níléeṣẹ́ ọ̀dà kan lágbègbè wa níbí. Àgbá tínà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà ló kún ibẹ̀, wọ́n sì fi àwọ̀ pupa kọ INFLAMMABLE sára wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo bá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń kó ẹrù níbi tó jókòó sí lórí àgbá, sìgá ń jó lọ́wọ́ ẹ̀. Àyà mi já. Mo gbá sìgá náà dànù, mo tẹ̀ ẹ́ pa. Ọmọ tó jáde sẹ́kọ́ńdìrì ni o. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé iná ò lè mú un." Ó ṣàlàyé fún mi: incorrect, kò tọ́. Incomplete, kò pé. Inflammable, kò gbiná. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé-ìwé ló lò, ó sì lò ó dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà ló tàn án, torí "in" ibẹ̀ ò túmọ̀ sí "kò". Látinú èdè Látìnì tó ń sọ nípa kí nǹkan gbiná ló ti wá. Láti àwọn ọdún 1920 ni ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti iná ní Amẹ́ríkà ti ń bẹ àwọn oníléeṣẹ́ pé kí wọ́n yé kọ ọ́, kí wọ́n kọ flammable. Lẹ́tà 2 péré ni wọ́n ní kí wọ́n yọ. Mo bu ọ̀dà, mo mú búrọ́ọ̀ṣì, mo sì kọ INÁ sára àgbá kọ̀ọ̀kan. Látọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó mu sìgá níbẹ̀ mọ́.

Àwọn òbí kan á ní, ìdánwò WAEC ńkọ́? Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti máàkì àròkọ Gẹ̀ẹ́sì rí. Àmì 50 ni: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ètò, 20 fún bí a ṣe gbé èdè kalẹ̀, 10 fún àìṣìkọ. Kò síbi tí wọ́n ti ń wọn gígùn ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ gàgàrà tí kò mọ̀ síbẹ̀, tó sì ṣì í kọ, á pàdánù ìdajì àmì kan.

Ìwádìí ọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá mi. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí ọmọ tó ń wá ọ̀rọ̀ tí fáwẹ̀lì Gẹ̀ẹ́sì márààrún wà nínú ẹ̀, tó wá rí sequoia, orúkọ igi ńlá kan ní Amẹ́ríkà, lẹ́tà 7 géérégé. Tàbí uncopyrightable, lẹ́tà 15 tí ẹyọ kan ò tún ara ẹ̀ ṣe, tó sì kún ìlà pátákó Scrabble bámúbámú. Ẹ jẹ́ kó wá a, lẹ́yìn náà kó tú u, bá a ṣe ń tú tiwa. Ta ni kò mọ aláìnítìjú láàrin wa? Oní, àì, ní, ìtìjú. Antidisestablishmentarianism náà, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó so kọ́ra bí ọkọ̀ ojúurin ni: establish ni orí ẹ̀, èrò àwọn tí kò fẹ́ kí wọ́n já okùn tó so Ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ìjọba ni wọ́n sì ń fi í pè. Ọmọ ọdún 9 lè lóye èyí láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọ̀kan tún wà tí àwọn olùkọ́ kan fi ń ṣakọ, lẹ́tà 45: pneumonoultramicroscopicsilicovolcanoconiosis. Everett Smith, ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ àlọ́ ọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà, ló hun ún ní 1935 kó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tó gùn jù. Silicosis ni àwọn dókítà ń pe àrùn tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún, èyí tí eruku òkúta tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ ń fà. Àwọn bàbá ọmọ wa wà tó ń gé òkúta, tó ń fa irú eruku yẹn símú lójoojúmọ́. Orúkọ wo ló máa wúlò fún ọmọ wọn lọ́jọ́ tó bá fẹ́ sọ fún bàbá ẹ̀ pé kó fi nǹkan bo imú?

Lọ́dún yìí náà, wọ́n á tún gbé ọmọ sórí pèpéle. Màá wà níbẹ̀, owó á wà lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n mi ò ní dìde títí wọ́n á fi bi í ní ìtumọ̀.